Páànù Aláwọ̀ Obì

Ọjọ́rú, 2 Júláì, 2025

Mo ti gbà á. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti la ẹnu mi gbà á, kò sì sí bí mo ṣe máa gbé e mì mọ́. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ìpàdé tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀yìn agbo ilé wa ní Makun, Ṣàgámù, èmi ni màá ṣe àwọ̀ ẹ̀.

Bùọ̀dá Bánkọ́lé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́kọ́ pè é ní kíkùn. Inú bí mi. Mo ní ọ̀dà ni wọ́n ń kùn, pé èmi máa rẹ páànù alumíníọ́mù tí wọ́n máa fi ṣe é láró bí ẹni rẹ aṣọ ni. Mo ní iná mànàmáná á kọ́kọ́ hu awọ sí i lára nínú ásíìdì, awọ yẹn á mu aró, omi híhó á sì pa ihò ara ẹ̀ dé kí aró má jáde mọ́. Bùọ̀dá wo gbogbo ilé yíká.

"Ṣọlá, ta ló rí irin tó ń mu aró rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Akínyọdé, olórí ẹbí, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ obì pupa kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Uṣẹ́ obì la fi kọ́ ulé yìí," ni wọ́n wí. "Àwọ̀ obì ni ilẹ̀kùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé òfin kalẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá pé, tó sì dára, nígbà tí a bá máa ṣí gbọ̀ngán lọ́jọ́ Àìkú 24 Ọ́gọ́ọ̀sì, sítọ́ọ̀ obì àtijọ́ tí mo kó àwọn tánkì mi sí di tèmi. Bí kò bá pé, kí n kó ẹrù mi jáde kí obì tuntun tó wọlé, Bùọ̀dá Bánkọ́lé á gbà á padà fún òwò obì.

Mo fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀ nítorí sítọ́ọ̀ yìí. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè gbé ásíìdì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Júláì

Òjò láti ìdájí. Gbogbo dúróòmù kún, mo sì dúpẹ́, nítorí omi kànga wa ò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹfun pọ̀ nínú ẹ̀ jù.

Iná ráńpẹ́ dé lọ́sàn-án. Mo fi àjákù páànù kékeré kan dán an wò, aró pupa tó ní àwọ̀ osùn díẹ̀ nínú. Ó jáde bí obì ọwọ́ Bàbá gẹ́lẹ́. Yísà, tó ń ṣe fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ́mù ní iwájú ilé wa, òun ló ń gé páànù fún mi. Ó mú ìṣó, ó ha á, ó tún ha á.

"Àǹtí Ṣọlá, kò bó o!"

"Kí ló fẹ́ bó? Ṣé mo lẹ̀ ẹ́ ni?"

Lóṣù tó kọjá mo gbìyànjú omi pòròpórò ọkà bàbà, nítorí aró tí mò ń rà láti Èkó ti gbówó lórí kọjá sísọ. Ó pupa dáadáa, àfi pé mo sá a sórí okùn aṣọ, oòrùn sì lá a mọ́lẹ̀ pátápátá. Aró Èkó náà ni mo padà sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Júláì

Màmá ti ń palẹ̀ ilé mọ́ de Sábáàtì láti àárọ̀. Láti oṣù Máàyì tí àìsàn ẹ̀gbà ti rọ ọwọ́ òsì wọn ni mo ti mú wọn wá láti Ìkẹ́nnẹ́. Wọn ò lè gúnyán mọ́, wọn ò lè di gèlè, ṣùgbọ́n tí Ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba kànìnkànìn lọ́wọ́ wọn. Ìkòkò, àga, ilẹ̀, títí dé sítọ́ọ̀ mi. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ òrùlé wa, wọ́n ní Sábáàtì ò gbọdọ̀ bá a nínú ìdọ̀tí.

Gbogbo ẹ̀ ń dán. Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ni màá ki àwọn páànù ńlá bọ ásíìdì.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Júláì

Ó bàjẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú nìkan ni iná gidi máa ń dé Makun, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ bá ti pa ẹ̀rọ wọn, ọjọ́ náà nìkan sì ni mo lè ṣe páànù ńlá. Iná dé, kò sẹ́jú. Mo yọ wọn nínú ásíìdì, mo ṣàn wọ́n nínú omi òjò, mo rì wọ́n sínú aró. Mo gbé èyí àkọ́kọ́ jáde. Ibì kan pupa, ibì kan funfun tótòtó bí làpálàpá orí ọmọ ilé ìwé. Èkejì bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì

Mo fi sódà tí àwọn aṣe-ọṣẹ ń lò bó gbogbo awọ wọn kúrò kí n lè tún un ṣe. Sódà kì í bó awọ nìkan, ó ń jẹ irin náà. Yísà fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó ní ó ti ń fẹ́lẹ́. Irú páànù yẹn ti tán lọ́jà, kò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé.

"Ẹ má jẹ́ kó ju ẹ̀ẹ̀mejì mọ́ o, Àǹtí. Lẹ́yìn ìyẹn á máa dún bí ìdérí ìkòkò."

Ọjọ́bọ̀, 17 Júláì

Mo da aró ọjọ́ Àìkú nù, mo po tuntun. Mo dán àjákù wò: pupa bí obì, kò ní àbàwọ́n kankan. Aró ni, kò sí àní-àní. Aró àkọ́kọ́ ló ti bàjẹ́. Mo kọrin nínú sítọ́ọ̀, Màmá sì ń bá mi gbè é láti yàrá.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júláì

Làpálàpá. Gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ajé, 21 Júláì

Bùọ̀dá Bánkọ́lé wá lónìí pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Wọn ò kí mi dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri sítọ́ọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

"Mo kàn fẹ́ mọ iye apẹ̀rẹ̀ tó máa gbà ni. Má bínú, Ṣọlá. Ìwọ náà rò ó wò. Ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sinmi ni ìwọ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí gbogbo ayé ń ṣiṣẹ́, o wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ó máa bọ́ sí i?"

Mo ní kí wọ́n ká okùn wọn kúrò lára ògiri bàbá mi. Ohùn mi lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Bàbá Akínyọdé pè mí. Wọ́n ní àwọn baba wa kó obì sínú yàrá yẹn fún ìran mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ásíìdì ti gba ibẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn fi obì kan bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dákun, mi ò lè dá sí i. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó kọ oògùn.

Ọjọ́bọ̀, 31 Júláì

Mi ò kọ nǹkan kan láti ọjọ́ yẹn. Àwọn oníná ò mú nǹkan kan wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ti tún àwọn páànù bó, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti yí ásíìdì padà, mo ti fi aṣọ sẹ́ omi òjò, mo ti fi yìnyín tu tánkì. Àjákù ń jáde dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀. Tí ó bá di páànù ńlá lọ́jọ́ Àìkú, ó di ìranù. Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Kẹ́mísírì ni mo kà o! Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níṣẹ́ yìí rí.

Obì tí Bàbá fún mi ti ń hunjọ. Mo fi ewé tútù wé e.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àná, lọ́jọ́ Sábáàtì, a ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ni iná dé. Kì í ṣe iná ráńpẹ́. Gbogbo gílóòbù àdúgbò tàn bí ojú ọ̀sán. Yísà sáré wá.

"Àǹtí! Iná rèé! Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ẹ máa lọ síbi ìsìn yín. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yín. Ẹ ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí tó."

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé èmi, ọmọ mi, ọmọ ọ̀dọ̀ mi, àti àlejò tó wà nínú ilé mi, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí mi. Mo wo Màmá. Wọ́n ń wo iwájú kẹ̀kẹ́ tààrà. Ó bà mí nínú jẹ́ pé wọn ò kọ̀ fún mi, nítorí ká ní wọ́n kọ̀ ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí.

Mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù.

Lónìí, iná dé, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó tó. Mo ti wí fún Ọlọ́run pé mo pa ọjọ́ Rẹ̀ mọ́, kí Òun náà rí tèmi rò. Làpálàpá ni mo tún gbé jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn dúróòmù, mo sunkún bí ọmọdé. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn kan gbá èkejì mú.

"Oyèṣọlá, á dára. Màá tún ibẹ̀ ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí Sábáàtì tó dé."

Mo ní ẹ ṣeun mà.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo bó wọn. Ìgbà ìkẹyìn nìyí. Yísà na ọ̀kan sókè, ó mì í, ó dún wọnranwọnran.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Màmá ṣubú lẹ́yìn ilé láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pọn omi tí wọ́n máa fi fọ ilé. Ọ̀kadà ò ṣeé gbé wọn, Yísà ló fi ọkọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ gbé wa dé ọsibítù ní Ṣàgámù. Egungun ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sókè, àwọn dókítà ní àwọn á dá wọn dúró. Gbogbo ohun tí Màmá ń tẹnu mọ́ ni pé ilé wà nínú ìdọ̀tí, Sábáàtì sì ń bọ̀.

Kí ni mo fẹ́ fi sítọ́ọ̀ ṣe ná, tí ìyá mi bá lọ?

Ọjọ́ Àìkú, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ní ara Màmá ti ń balẹ̀. Màmá fúnra wọn ló lé mi wálé pé kí n lọ ṣiṣẹ́ mi.

Mi ò ní ìrètí kankan. Mo bá omi tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ nínú dúróòmù, mi ò tiẹ̀ lágbára láti pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tí iná ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán, mo yọ àwọn páànù nínú ásíìdì, mo ṣàn wọ́n nínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo rì wọ́n sínú aró, mo lọ jókòó síta. Yísà ló wọlé lọ gbé èyí àkọ́kọ́ jáde. Mo gbọ́ igbe ẹ̀.

Pupa. Láti òkè dé ilẹ̀, pupa bí obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Mo sè wọ́n nínú omi híhó. Gbogbo wọn ló jáde bẹ́ẹ̀, àyàfi méjì tó jẹ́ ti àárín ilẹ̀kùn, nítorí iná lọ kí ó tó kàn wọ́n. Wọ́n di Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Bàbá Akínyọdé wá wò ó. Wọ́n mi orí, wọ́n wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé tí mo wà ní ọsibítù, àwọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, àwọn sì ti fi obì bá àwọn baba wa sọ̀rọ̀. "Wọ́n gbà," ni wọ́n wí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ní ọsibítù, Màmá ní àdúrà tí àwọn gbà lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Mo ní àmín.

Ṣùgbọ́n nínú kẹ̀kẹ́, bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, mò ń bi ara mi léèrè: kí ni mo ṣe tó yàtọ̀? Aró kan náà. Ásíìdì kan náà. Omi òjò kan náà. Mo ń ka gbogbo ohun tí mo ṣe, mo wá rántí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Kò sẹ́ni tó fọ dúróòmù.

Mo sáré dé ilé. Mo mú ọpọ́n kan, mo fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí Màmá ń lò fọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan ò lè yí dúróòmù dà sílẹ̀ láti ṣàn án, nítorí náà ńṣe ni wọ́n máa ń fi korobá gbọ́n omi tó kù nínú ẹ̀ kúrò, tí wọ́n tún máa ń fi àkísà nu ọṣẹ yẹn gbẹ. Èmi náà fi àkísà nu ún. Mo bu omi òjò sí i, mo ki àjákù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ásíìdì jáde bọ̀ ọ́, mo wá rì í sínú aró.

Làpálàpá.

Ọṣẹ yẹn ti ń dí ihò ara páànù kí aró tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, Ọjọ́ Àìkú ni omi àkọ́kọ́ ń bá ọṣẹ pàdé. Tó bá máa fi di àárín ọ̀sẹ̀, mo ti da omi nù, mo ti bu òmíràn, dúróòmù á ti mọ́ fúnra ẹ̀, àjákù mi á sì jáde dáadáa. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rántí ẹni tó ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rín náà sì dá lẹ́nu mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n á dá Màmá sílẹ̀ lọ́la. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ẹtì.

Mo lè ti sítọ́ọ̀ pa kí n ní kọ́kọ́rọ́ sọnù. Mo lè sọ pé dókítà ò gbà kí wọ́n fọ nǹkan. Ìyẹn á gbé wa kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi béèrè kànìnkànìn.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Ọ̀rọ̀ kan wà."

Mo sọ ọ́. Mo gbìyànjú láti fi àwàdà bò ó, kò bò. Mo fi àjákù méjèèjì hàn wọ́n, èyí tó pupa àti èyí tó ní làpálàpá. Wọ́n gbé wọn lé itan, wọ́n ń fi ọwọ́ tó lera pa wọ́n lára, ó pẹ́.

"Èmi ni mo ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Ọṣẹ ni."

"Ta ló ń bu ọṣẹ?"

Wọ́n dá àjákù padà fún mi.

"Ní ọjọ́ tí o ń sunkún yẹn, mo ṣèlérí pé màá tún un fọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ohùn wọn ti wálẹ̀. "Oyèṣọlá, kí ni mo wá fẹ́ máa fi Ọjọ́ Ẹtì ṣe?"

Oòrùn wọ̀, Sábáàtì dé bá wa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, Màmá ò fọ nǹkan kan. A kọrin, ṣùgbọ́n ohùn tèmi nìkan ni mo ń gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ọ́gọ́ọ̀sì

Páànù méjì tó kù jáde, pupa, wọ́n bá àwọn yòókù mu. Mo pe Màmá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

A ṣí gbọ̀ngán. Bàbá Akínyọdé mú obì pupa tuntun kan, wọ́n dì í mú mọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sún sẹ́yìn.

"Bánkọ́lé, wá wò ó fún mi, ojú mi ò ríran tó mọ́."

Bùọ̀dá Bánkọ́lé wá, wọ́n wò ó, wọ́n tún fi èékánná ha á. "Bàbá, ọ̀kan náà ni," ni wọ́n wí. Kò rọrùn fún wọn láti sọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ sókè.

Sítọ́ọ̀ ti di tèmi. Mo ti ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ yìí láti Júláì, mo sì yọ̀, mi ò ní parọ́. Màmá jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ọwọ́ wọn méjèèjì lórí itan bí ọwọ́ àlejò.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti kó àwọn dúróòmù iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti fi ọ̀dà kọ "OMI ÒJÒ NÌKAN" sí wọn lára. Ọ̀kan tó ti là lẹ́nu, tí mi ò lò mọ́, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, mo ní ibẹ̀ ni a ó máa kó àwọn ìkòkò sí. Lánàá, kí n tó pa iná ìdáná, mo bu eérú, mo dà á sínú ẹ̀, mo fi omi díẹ̀ pò ó kó lè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Nígbà tí mo ti ọjà dé lónìí, mo gbọ́ wọn láti ìta. Wọ́n ń ha á, wọ́n sì ń kọrin. Wọ́n ti ki orí bọ dúróòmù débi pé ẹ̀yìn wọn nìkan ni mo rí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Wọ́n yọ orí jáde. Ọṣẹ wà ní imú wọn. Wọ́n wò mí títí.

"Oyèṣọlá, eérú kì í fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ inú dúróòmù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bù ú kó pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tòní ti tètè tán jù."